Níbo Ni Ohùn Inú Ìwé Ń Lọ Nígbà Tí Ó Bá Di Fíìmù?

Olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ̀wé sí mi. Ó ní òun fi fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba han àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó ka eré oníṣe Wọlé Ṣóyínká tí wọ́n ti mú un jáde. Inú wọn dùn sí fíìmù náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé kàn, wọ́n ní àwọn ti mọ ìtàn rẹ̀, kí ló tún kù? Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan wá dá a lẹ́bi, ó ní kò sí fíìmù kan láyé tó tó ìwé. Ó béèrè pé: “Ṣé mo ṣìnà ni, Ọ̀gá? Kí sì ni ẹ rí sí àwọn fíìmù tí wọ́n mú jáde láti inú ìwé, pàápàá àwọn tí ẹ wò láìpẹ́ yìí?”

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, Olùkọ́. Ẹ kò ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹlẹgbẹ́ yín lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó sọ wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa tí a fẹ́ràn ìwé, èmi náà sì ti sọ ọ́ rí nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Ẹni tó bá ní kò sí fíìmù tó tó ìwé, ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé ó jókòó síwájú fíìmù, ó ń ka ohun tí wọ́n yọ kúrò: wọ́n yọ ìyá àgbà, wọ́n yọ ìrìn àjò, wọ́n sọ ọdún mẹ́ta di oṣù mẹ́ta. Kò sí fíìmù tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lè dá láre, nítorí pé ìwé tí a fi ọ̀sẹ̀ kan kà kò lè wọ inú wákàtí méjì láìjẹ́ pé a gé e.

Ohun tí èmi máa ń wá ni ohùn. Gbogbo ìwé ìtàn ló ní ẹni tó ń sọ ọ́, yálà ó dárúkọ ara rẹ̀ tàbí kò dárúkọ. Ẹni náà ní ohun tó mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀, ó ní ibi tó dúró sí wo ayé, ó sì ní èdè tó fi ń ronú, kódà nígbà tó bá ń fi èdè mìíràn kọ̀wé. Nínú eré oníṣe pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ sí asọ̀tàn, ohùn òǹkọ̀wé wà nínú bí àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ìtàn bá wá di fíìmù, kò sí ẹni tó máa sọ fún wa mọ́ pé inú lágbájá bàjẹ́; ojú òṣèré ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́, tàbí ìlù, tàbí aṣọ, tàbí ibi tí kámẹ́rà dúró sí. Bí ohùn inú ìwé bá rí ara mìíràn gbé wọ̀, fíìmù náà á yè, bí wọ́n tilẹ̀ ti gé ìdajì ìwé sọnù. Bí kò bá rí, ènìyàn lè tẹ̀ lé ìwé láti ojú ewé kìn-ín-ní dé ìkẹyìn kó jẹ́ pé òkú ló gbé jáde.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ẹ fi han àwọn ọmọ, nítorí pé òun ni ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ jù.

Ìṣẹ̀lẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lóòótọ́. Aláàfin Ládìgbòlù Kìn-ín-ní wàjà ní òpin ọdún 1944. Ó tọ́ kí Jínádù tó jẹ́ Olókùn-Ẹṣin bá a lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà, ṣùgbọ́n aláṣẹ òyìnbó ní kí wọ́n mú un kí ó má baà kú, ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Múráná sì kú dípò rẹ̀. Dúró Ládípọ̀ ti fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ṣe eré Ọba Wàjà ní 1964. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká tẹ tirẹ̀ jáde ní 1975 tó pè é ní Death and the King’s Horseman, ó yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà: ó fi ìtàn náà sáàárín ogun Hitler, ó sì sọ ọmọ yẹn di Olúńdé, ẹni tó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ìlú òyìnbó tó sì padà wálé láti wá sin bàbá rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ sọ èyí fún ẹlẹgbẹ́ yín, nítorí pé bó bá jẹ́ pé títẹ̀lé ohun tó wà tẹ́lẹ̀ ni a fi ń mọ iṣẹ́ tó dára, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ̀bi, nítorí kò tẹ̀ lé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ìwé náà gan-an jẹ́ àtúnsọ.

Ní 1994 ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá sọ eré náà di Yorùbá, ó sì pè é ní Ikú Olókùn-Ẹṣin. Ẹ wo oyè tó lò dáadáa. Ṣóyínká pe ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ní Ẹlẹ́ṣin, ẹni tó ní ẹṣin tàbí tó ń gùn ún. Ìṣọ̀lá dá oyè tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ń pè é padà fún un, ẹni tí okùn ẹṣin ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò kéré: ẹni tó gun ẹṣin lè gbé e lọ síbi tó wù ú, ṣùgbọ́n ẹni tó di okùn mú, ẹ̀yìn ọba ló ń tọ̀. Bíyì Bándélé tó darí fíìmù ọdún 2022 di orúkọ Ṣóyínká mú. Ó ku oṣù kan ó lé díẹ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní Toronto nígbà tí ọlọ́jọ́ dé bá Bándélé ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún náà, nítorí náà kò jókòó nínú gbọ̀ngàn yẹn láti gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò lè wo fíìmù náà kí n má rántí.

Ohun tó ṣe tí mo fi kan sáárá sí i jù lọ ni pé ó dá èdè padà sílé. Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ eré náà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá ń ronú nínú rẹ̀ ni. Nínú fíìmù, Yorùbá ni àwọn ará ọjà ń sọ, Yorùbá ni Ẹlẹ́ṣin ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì sì di ti àwọn tó ni ín. Ẹ jẹ́ ká fi òwe kan ṣoṣo wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àwa máa ń sọ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ṣóyínká mú òwe yìí wọ inú ìran kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń túmọ̀ gbólóhùn sójú pátákó. Ó tú u palẹ̀: ó fi àgbà hàn wá tó ń fi ahọ́n lá àwo, tó lá a títí kò fi ku èérún kan, ó wá ní ìdákẹ́rọ́rọ́ ni yóò dá a lóhùn lọ́jọ́ tó bá pe ọmọdé pé kó wá jẹ́ iṣẹ́ tó kéré jù lọ fún òun. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á rí àwòrán yẹn. Ẹni tó gbọ́ ọ á rí àwòrán, á sì tún máa gbọ́ òwe lábẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń gbọ́ ìlù láti ilé kejì.

Tí a bá wá dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ padà sí Yorùbá, ó máa ń kúrú, nítorí pé òwe kò nílò àlàyé lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Níbẹ̀ gan-an ni èrè àti àdánù ti pàdé. Àdánù ni pé Gẹ̀ẹ́sì Ṣóyínká ti sọ òwe náà di tuntun lójú àwa náà tí a ti gbọ́ ọ títí tó fi ṣá lẹ́nu. Ó ti jẹ́ kí a rí ahọ́n, kí a rí àwo. Èrè ni pé àwọn obìnrin ọjà kò dúró ṣàlàyé ara wọn fún àlejò mọ́. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń já lu ọ̀rọ̀ ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó parí. Mo ti rí eré yìí lórí ìtàgé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, gbogbo ìgbà tí mo sì rí i ni àwọn obìnrin náà máa ń dún létí mi bí ẹni tó ń ka ewì fún àwọn àlejò pàtàkì. Nínú fíìmù yìí ni mo ti kọ́kọ́ gbà pé ọjà ni mo wà.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà wà níbẹ̀. Nínú ìwé, Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ wé ọ̀gẹ̀dẹ̀, pé bí igi ìyá ṣe ń rọ ni ọmọ rẹ̀ ń wú. Nígbà tó bá di ìran ìkẹyìn, nínú túbú, Ìyálọ́jà á dá àfiwé yẹn padà sí i lójú, pé ní tirẹ̀, ọ̀dọ́ ló rọ kí àgbà lè mu oje. Ẹni tó ti ń gbọ́ láti kékeré pé bí iná bá kú a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò, kò nílò olùkọ́ kankan níbẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì yín ní ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ilẹ̀ òkèèrè ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé wọn kò ní in.

Ohun kejì tí fíìmù náà ṣe tí ìwé kò lè ṣe ni ti ẹ̀kú. Ẹ rántí pé Simon Pilkings, aláṣẹ òyìnbó inú ìtàn náà, àti Jane ìyàwó rẹ̀ gbé aṣọ egúngún wọ̀ lọ sí ibi ijó àwọn òyìnbó, aṣọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onísìn nígbà tí wọ́n mú wọn. Amúsá ọlọ́pàá, tó jẹ́ Mùsùlùmí, kò lè jíṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀ nítorí aṣọ yẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ ikú ni òun bá wá, báwo ni òun ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ikú níwájú ẹni tó wọ aṣọ ikú? Nínú ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu Amúsá ló ń jẹ́ kí a mọ bí ohun tí wọ́n ṣe ti burú tó. Nínú fíìmù, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, a ti rí òyìnbó nínú ẹ̀kú. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni a jọ wo fíìmù náà nílé, màmá tó ti lé ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, tí kò ka ìwé Ṣóyínká rí. Bí àwọn méjèèjì ṣe yọ nínú aṣọ náà, màmá fi ìborùn bo ẹnu, wọ́n ní “Háà! Èèwọ̀!”, wọ́n sì yí ojú sí ògiri. Mo dá a dúró. Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n máa bá a lọ. Ohun tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní wákàtí kan láti lóye nínú kíláàsì ni aṣọ kan ṣoṣo sọ fún màmá láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Mi ò ní torí ìyẹn sọ pé fíìmù náà pé. Shaffy Bello gbé Ìyálọ́jà dúró ṣinṣin, Ọdúnladé Adékọ́lá sì jẹ́ kí a rí ọkùnrin tí ayé dùn mọ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wúwo; Brymo tó ṣe Olóhùn-Iyọ̀, akéwì tó ń ki Ẹlẹ́ṣin, fi orin gbé ohun tí ìwé fi ewì gbé. Ṣùgbọ́n bí ìtàn bá ti kúrò lọ́jà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, ara fíìmù náà máa ń tutù. Ìjíròrò Olúńdé àti Jane Pilkings ni ibi tí àríyànjiyàn inú ìwé ti mú jù, níbi tí Jane ti sọ ìtàn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i kí àwọn ẹlòmíràn lè yè, tí Olúńdé sì rí ẹwà níbi tí Jane ti rí òfò. Lójú tèmi, fíìmù gbé ọ̀rọ̀ yẹn láti inú ìwé, kò wá ara fún un. Ènìyàn méjì dúró, wọ́n ń sọ̀rọ̀, kámẹ́rà ń dúró dè wọ́n kí wọ́n parí. Níbi tí fíìmù ti tẹ̀ lé ìwé tímọ́tímọ́ jù ni ẹ̀mí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára rẹ̀. Ohun tí ẹlẹgbẹ́ yín kò rò nìyẹn.

Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú kò tó ohun tí à ń gbọ́ lókè. Ó jẹ́ ohun ìbànújẹ́ fún mi, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì Ṣóyínká wà níbẹ̀ tí wọ́n lè fà yọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń wo fíìmù náà ní Brazil tàbí ní Jámánì kò ní mọ̀ pé àgbà ọ̀rọ̀ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wé fíìmù tí Bándélé yìí kan náà ṣe ní 2013 láti inú ìwé Chimamanda Ngozi Adichie, Half of a Yellow Sun. Mo tún un wò ní oṣù méjì sẹ́yìn, mo sì tún ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìwé náà gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọlé. Ugwu, ọmọdékùnrin tó ti abúlé wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé olùkọ́ yunifásítì kan ní Nsukka, ló kọ́kọ́ gba ọwọ́ wa. Ojú rẹ̀ ni a fi rí fìríìjì, ojú rẹ̀ ni a fi rí àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń jiyàn lórí ọtí, a sì rí i bí ayé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ láti fẹ́ràn ṣe wó lulẹ̀ nígbà ogun Biafra. Nígbà tí a bá parí ìwé la máa ń mọ̀ pé òun ni òǹkọ̀wé ìwé mìíràn tó ń yọjú láàárín ìtàn náà. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló ni ìtàn. Fíìmù gba pálọ̀ wọlé: ọdún òmìnira, 1960, ní Èkó, àwọn ọmọbìnrin olówó méjì, Olanna àti Kainene. John Boyega ṣe Ugwu, ó sì ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di ẹni tó ń gbé àwo kọjá lẹ́yìn àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Àwòrán dára, òṣèré dára, ìfẹ́ àti ìjà wà níbẹ̀; ojú tí ìwé fi ríran ni kò sí. Mo gbà pé Bándélé kọ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín ọdún mẹ́sàn-án yẹn, nítorí pé nínú Ẹlẹ́ṣin Ọba, kò jẹ́ kí a gba ilé òyìnbó wọ inú ìtàn náà.

Swallow tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2021, ohun tó ṣe Ugwu ló ṣe Àríkẹ́ nínú rẹ̀. Nínú ìwé Sefi Atta, Tọ́láni ń sọ ìtàn ara rẹ̀ ní Èkó ayé àwọn ológun, bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Rose ṣe ń fà á lọ sídìí gbígbé oògùn olóró mì kọjá sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n láàárín ìtàn yẹn, ìyá rẹ̀ Àríkẹ́ ń sọ tirẹ̀: aláró ni, ó ń ṣe àdìrẹ, ó gun alùpùpù ní ìlú kékeré níbi tí obìnrin kì í ti í gùn ún. Ìtàn ìyá ló jẹ́ kí a mọ ohun tí ọmọ fẹ́ sọnù nígbà tó bá la ẹnu láti gbé ohun yẹn mì. Fíìmù náà gbé ayé ìgbà náà kalẹ̀ pẹ̀lú ìtọ́jú tó pọ̀, láti orí aṣọ dé orí mọ́tò, ẹni tó bá gbé Èkó nígbà yẹn á rí ilé rẹ̀ níbẹ̀. Àríkẹ́ ni wọn kò fún ní àyè tó tó, nítorí náà, nígbà tí Tọ́láni bá ń ronú bóyá kí òun gbé e mì tàbí kí òun má gbé e mì, òṣì nìkan ni a rí lẹ́yìn rẹ̀, a kò rí ìyá. Mo sì mọ̀ pé Sefi Atta wà lára àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ fíìmù náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bí òǹkọ̀wé bá ti wà nídìí iṣẹ́, ohùn ìwé kò lè sọnù. A ti rí èyí rí. Ní 1970, nígbà tí Ossie Davis darí fíìmù Kongi’s Harvest láti inú eré Ṣóyínká, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ló ṣe Kongi, ojú rẹ̀ ló wà nínú fíìmù náà, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n má ka ohun tó jáde mọ́ òun.

Bí ẹ bá wá fẹ́ fi èyí tí ohùn rẹ̀ kò sọnù han àwọn ọmọ, ẹ wá Ó Le Kú. Ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti 1974 ni, Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Mo tún un wò lẹ́yìn Swallow, bóyá nítorí pé mo fẹ́ kí ara mi balẹ̀. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, ń wá ìyàwó láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Adùn ìwé náà kò sí nínú ẹni tó fẹ́. Ó wà nínú bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń fi ọ̀rọ̀ da ara wọn lára yá, bí Àjàní ṣe ń rí àwáwí fún ara rẹ̀, bí asọ̀tàn ṣe ń tẹ̀ lé e láìbínú sí i. Yẹmí Ṣódìmú tó ṣe Àjàní máa ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó parọ́, á wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín á dé. Ìdákẹ́ yẹn ni asọ̀tàn inú ìwé. Kò sí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ asọ̀tàn sí wa létí, síbẹ̀ a mọ̀ ọ́n.

Ti aṣọ náà wà ńbẹ̀. Ìwé jáde ní àsìkò tí ìró kúkúrú àti bùbá wà lóde, àwọn tó sì ń kà á nígbà náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe rẹ̀ fún wọn. Kèlání ní láti fi hàn, nítorí pé ọdún mẹ́tàlélógún ti kọjá. Ẹ mọ ohun tó tẹ̀ lé e: àwọn ọmọbìnrin gbé aṣọ tí wọ́n rí nínú fíìmù lọ bá àwọn télọ̀, wọ́n sì ń pè é ní olekú títí di òní olónìí. Ọ̀pọ̀ tó ń rán an báyìí kò mọ̀ pé orúkọ ìwé ni wọ́n ń pè.

Ní ti Maami ti Kèlání yìí kan náà, láti inú ìwé Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, gbólóhùn kan péré ni mo ní: wọ́n fi agbábọ́ọ̀lù Arsenal àti ìdíje àgbáyé 2010 kún un, ohun tí kò lè sí nínú ìwé tó ti wà tipẹ́ kí ìdíje náà tó wáyé, síbẹ̀ ìfẹ́ ìyá sí ọmọ tó ń jó nínú ìwé kò kú, nítorí pé Fúnkẹ́ Akíndélé gbé e sínú bó ṣe ń bu oúnjẹ àti bó ṣe ń wo ọmọ tó ń jẹ ẹ́.

Ó wá ku ti kíláàsì yín. Àwọn ọmọ ní àwọn ti mọ ìtàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn ará Ọ̀yọ́ náà mọ ìtàn yẹn kí Ládípọ̀ tó gbé e dé orí ìtàgé, wọ́n sì sanwó wọlé láti wò ó. Ẹ má fi ìbéèrè nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ dán wọn wò mọ́, nítorí pé fíìmù ti dáhùn rẹ̀. Ẹ padà sí ibi ọjà nínú fíìmù, ibi tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ fi páálí bo ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n kí ẹnikẹ́ni má lè ka ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n fetí gbọ́, kí wọ́n kọ gbólóhùn mẹ́ta tó wù wọ́n jù sílẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì, kí oníkálukú sì gbìyànjú láti sọ tirẹ̀ di Gẹ̀ẹ́sì tó máa dùn létí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ṣí ìwé Ṣóyínká. Èmi náà ti ṣe é pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì jókòó ti òwe kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń kọ ọ́, ó ń pa á rẹ́. Nígbà tó wá rí bí Ṣóyínká ṣe ṣe tirẹ̀ lójú ewé, ó ka gbólóhùn náà sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n jẹ́ kí òun mú ìwé náà lọ sílé.

Bí ẹ bá lè rí Ikú Olókùn-Ẹṣin, ẹ mú un dání lọ́jọ́ náà, nítorí pé kò ní pẹ́ tí ọmọ kan á fi nawọ́ sókè láti béèrè bóyá Yorùbá tí òun gbọ́ nínú fíìmù ni Ìṣọ̀lá náà kọ.